Sólà káńsù: owó wo ni ká fi ṣe é? Ọ̀nà mẹ́fà fún àwa ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Kańsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa yà sí ṣọ́ọ̀bù mi lóṣù tó kọjá, ó jókòó sórí páálí bátìrì, ó na ìwé kan sí mi. Ohun tó wà níbẹ̀ ni sẹkitéríàtì, ilé ìwòsàn alábọ́dé mẹ́ta, bọ́họ̀ọ̀lù ọjà àti iná títì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn kan ní ká lọ yáwó ní báńkì, àwọn kan ní ìjọba àpapọ̀ ń fúnni lówó sólà lọ́fẹ̀ẹ́, kọ́ńpìnnì kan sì ti wá láti Èkó pé àwọn á ṣe gbogbo ẹ̀ láì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa, èwo ni ká mú?" Mo ní kó kọ́kọ́ gbé bílù iná oṣù mẹ́ta wá pẹ̀lú rìsíìtì dísù. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ta ló ń tọ́jú irú ìyẹn.

Ìdí tí mo fi jókòó kọ eléyìí nìyẹn, torí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́. Láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Àtàn, Òdogbolú, Ṣàgámù, Ìkẹ́nnẹ́, títí kan Ìṣarà àti etí omi l'Abigi lọ́hùn-ún, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lẹ́nu wọn: dísù ti wọ́n, iná NEPA ti wọ́n, sólà ló kù. Èmi fúnra mi máa ń fa wáyà, mo máa ń so sólà, mo tún jẹ́ akọ̀wé CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa, tí káńsù bá gbé iṣẹ́ jáde ó lè kàn mí, ẹ má gbàgbé ìyẹn bí ẹ ṣe ń kà á lọ.

Kí la fẹ́ fi wọ̀n wọ́n?

Ìbéèrè mẹ́rin ni mo máa ń bi kí n tó gbọ́ orúkọ owó kankan.

Àkọ́kọ́, ṣé nǹkan tá a fẹ́ ṣe yẹn á dá owó padà? Iná sẹkitéríàtì máa ń dá owó padà, torí dísù tẹ́ ò rà mọ́, owó ni. Iná títì ò dá kọ́bọ̀ padà, ààbò ló ń mú wá, ìyẹn náà dáa, ṣùgbọ́n báńkì ò ní gba ààbò lọ́wọ́ yín bí ọjọ́ gbèsè bá pé. Ìkejì, ta ló máa tún un ṣe lọ́dún kẹta? Pánẹ́ẹ̀lì lè lo ọdún 25, bátìrì lithium tó dáa lè lo bí ọdún 10, bátìrì olómi tí wọ́n ń pè ní tubular, ọdún 3 sí 5 ni, ìyẹn tẹ́nì kan bá ń bu omi sí i. Ìkẹta, ìgbà wo lowó ọ̀hún máa jáde? Sáà alága káńsù l'Ógùn ọdún 3 péré ni, owó tó bá lo ọdún 2 lójú ọ̀nà, alága mìíràn ló máa bá lórí àga, ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe sí iṣẹ́ tí ẹlòmíì bẹ̀rẹ̀. Ìkẹrin, èló ló máa jẹ́ nígbà tá a bá san án tán, kì í ṣe èló ni wọ́n pè é lónìí.

Ká tó débi owó gan-an, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan. Ká ní sẹkitéríàtì kan ní gílóòbù gígùn àtijọ́ 100, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ wáàtì 40, wọ́n ń tàn wọ́n ní wákàtí 8 lójúmọ́, ọjọ́ 22 lóṣù. Yúnítì 704 nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá fi gílóòbù LED ìgbàlódé oníwáàtì 18 rọ́pò wọn, ó di bí 317, yúnítì 387 ti kúrò ńbẹ̀. Tó bá jẹ́ Band A ni wọ́n wà, ìsọ̀rí àwọn tí iná ń pọ̀ fún jù, èyí tí wọ́n gbé yúnítì kan ẹ̀ láti náírà 68 sí 225 ní oṣù kẹrin 2024 kó tó wá wálẹ̀ sí bí 209, owó tó máa ṣẹ́kù lóṣù kan sún mọ́ náírà 81,000. Ká ní gílóòbù ọ̀hún jẹ́ náírà 3,500 lọ́kọ̀ọ̀kan, kí oníṣẹ́ gba 50,000, gbogbo ẹ̀ 400,000. Tó bá fi máa pé oṣù márùn-ún, ó ti san ara ẹ̀. Mi ò tíì so sólà kan tó sáré tó bẹ́ẹ̀ rí, àmọ́ kò sí alága tó máa pe oníṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n wá wo gílóòbù, pánẹ́ẹ̀lì lórí òrùlé ló ń dùn-ún yà ní fọ́tò. Àti pé tẹ́ ẹ bá ti dín iná tẹ́ ẹ̀ ń jẹ kù, sólà tẹ́ ẹ máa rà lẹ́yìn náà á kéré, bátìrì á kéré, gbogbo owó tá a fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí á kéré.

Owó àpò káńsù

Kò sí èlé, kò sí ẹni tó máa dá yín dúró lọ́nà. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì ti dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024 pé owó káńsù 774 tó wà ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ máa bọ́ sí wọn lọ́wọ́ tààrà, torí náà bó bá ti ń bọ́ sí wọn lọ́wọ́, àwáwí á dín kù. Fún nǹkan tí ò tóbi, LED, fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ilé ìwòsàn alábọ́dé, bọ́họ̀ọ̀lù kan, mi ò rí ìdí tẹ́nikẹ́ni fi máa lọ wá owó síta.

Ibi tó ti ń já ni àtúnṣe. Bọ́jẹ̀ẹ̀tì máa ń ní owó ríra, kì í ní owó títọ́jú. Káńsù kan tí mi ò ní dárúkọ pè mí nígbà kan pé iná sólà ojú títì wọn ò tàn mọ́, wọn ò tíì lò ó tó ọdún méjì ààbọ̀. Òpó 20, mẹ́rin ló ń tàn. Mo gbé àkàbà, mo gun èyí àkọ́kọ́, eruku ti bo pánẹ́ẹ̀lì débi pé mo fi ìka kọ orúkọ mi sí i. Mo ṣí àpótí bátìrì, alángbá ló fò jáde, bátìrì ò sí ńbẹ̀, ẹni tó yọ ọ́ tiẹ̀ fara balẹ̀ dá nọ́ọ̀tì padà sípò. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní òpó mẹ́sàn-án. Àwọn tó kù, wáyà kan tí ò ju náírà díẹ̀ lọ ló já nínú òmíì, kò sí ẹni tí wọ́n ní kó máa gun àkàbà. Nígbà tí mo kọ iye tí àtúnṣe máa jẹ́, wọ́n ní kò sí nínú bọ́jẹ̀ẹ̀tì, àfi tí àwọn bá kọ ọ́ bí iṣẹ́ tuntun. Ẹ rò ó wò.

Tẹ́ ẹ bá máa lo owó àpò, ẹ yọ owó àtúnṣe sọ́tọ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ̀ ń ra nǹkan gan-an, kó wà ní àkáǹtì tiẹ̀.

Èsúsú inú káńsù

Èmi fẹ́ràn eléyìí jù, ẹ ẹ́ rí i pé mo máa sọ̀rọ̀ pẹ́ níbẹ̀.

Ìlú Stuttgart ní Jámánì ti ń ṣe é láti 1995. Ọ́físì tó ń bójú tó iná nílùú náà ní àpò owó kan, tí ilé ìwé tàbí ọ́físì kan bá fẹ́ pààrọ̀ iná tàbí ẹ̀rọ tó ń jẹ owó, àpò yẹn ló máa san án, owó tí wọ́n bá rí ṣẹ́ kù lórí bílù wọn á máa padà sínú àpò títí gbèsè fi máa tán, wọ́n á tún gbé owó yẹn fún ilé tó kàn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ẹ̀rín ni mo rín, torí èsúsú nìyẹn, àwọn ìyá wa tó ń ta gaàrí ń fi ṣe nǹkan látọdúnmọ́dún. Tani gbé, tani kàn, ta ló di ìwé mú.

Ẹ wo bó ṣe máa rí níbí. Káńsù yọ mílíọ̀nù 5 sọ́tọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Sẹkitéríàtì gbé 400,000 fi pààrọ̀ gílóòbù, ó ń dá 81,000 padà lóṣooṣù, oṣù karùn-ún ó ti bọ́. Owó tó kù ń so sólà kékeré sí ilé ìwòsàn tó ń ra bẹntiróòlù lójoojúmọ́, ìyẹn náà ń dá owó bẹntiróòlù padà. Láàárín sáà alága kan, owó kan náà lè yí ká ilé mẹ́ta mẹ́rin, kò sì sí báńkì tó jẹ èlé lórí ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó ní ibi tó ti máa ń kú. Àkọ́kọ́, káńsù tí kì í san bílù, kí ló fẹ́ rí ṣẹ́ kù? Ọ̀pọ̀ ọ́físì ìjọba ń jẹ NEPA ní gbèsè ọdún púpọ̀, tẹ́ ẹ bá dín yúnítì kù lórí bílù tẹ́ ò kí ń san, gbèsè tẹ́ ò ní san lẹ dín kù, owó kankan ò wọlé. Níbẹ̀, orí dísù nìkan lẹ lè ṣe èsúsú, torí oníléepo kì í gbà á láwìn. Èkejì, ilé tí NEPA ò fi bẹ́ẹ̀ tan iná sí, ìṣirò gílóòbù mi òkè yẹn ò bá a mu, orí jẹnẹrétọ̀ ni kẹ́ ẹ ti kà á. Ẹ̀kẹta, ìwé. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa kọ nọ́ńbà mítà sílẹ̀ lóṣooṣù, kí ẹni méjì máa fọwọ́ sí i kí owó tó jáde, tí ọ̀kan nínú wọn ò bá sí lábẹ́ alága ó tún dáa sí i. Owó tó bá jókòó sí àkáǹtì láìní ìwé, ọdún ìbò á bá a ńbẹ̀.

Báńkì

Èmi ò ní gba káńsù kankan nímọ̀ràn pé kó lọ yáwó ní báńkì lásìkò yìí. Èlé tí báńkì àpapọ̀ fi ń ṣe òdiwọ̀n dé 27.5 nínú 100 ní oṣù kọkànlá 2024, wọ́n dín in sí 27 ní oṣù kẹsàn-án 2025, báńkì tó máa yá yín lówó sì máa fi tiẹ̀ lé e. Ká ní 30. Ẹ yá mílíọ̀nù 10, èlé ọdún àkọ́kọ́ nìkan mílíọ̀nù 3. Tí sólà ọ̀hún bá ń gbà yín lọ́wọ́ dísù 200,000 lóṣù, mílíọ̀nù 2.4 nìyẹn lọ́dún, kò tíì kó èlé, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ojú owó. Wọ́n á sì ní kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i kí wọ́n máa yọ ọ́ lórí alokéṣọ̀n, owó oṣooṣù tó ń wá láti Àbújá, kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, tí sólà bá bàjẹ́ lọ́la wọ́n á ṣì máa yọ ọ́.

Àwọn kan máa ń dárúkọ báǹdì, ìyẹn ìwé gbèsè tí ìjọba ń tà láti fi yáwó lọ́wọ́ aráàlú. Ìjọba àpapọ̀ ta báǹdì aláwọ̀ ewé àkọ́kọ́, irú èyí tí wọ́n ń fi owó ẹ̀ ṣe iṣẹ́ tó ń dáàbò bo àyíká, ní oṣù Kejìlá 2017, bílíọ̀nù 10.69 náírà, èlé ẹ̀ 13.48 nínú 100, sólà wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe. Káńsù kan ṣoṣo ò lè dá irú ẹ̀ gbé, owó lọ́yà àti ìwé nìkan á ti jẹ ẹ́ tán. Bí ìpínlẹ̀ bá fẹ́ kó gbogbo káńsù 20 tó wà l'Ógùn jọ ṣe é, ìyẹn ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn.

Owó ìrànwọ́: REA àti àwọn ará òkè òkun

Èyí ni kańsẹ́lọ̀ mi ń pè ní ọ̀fẹ́. Ó wà lóòótọ́. REA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí iná ìgbèríko, ló ń darí ètò DARES tí Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ní oṣù Kejìlá 2023, mílíọ̀nù 750 dọ́là, èèyàn mílíọ̀nù 17.5 ni wọ́n fẹ́ kí iná kàn. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé kì í ṣe káńsù ni wọ́n ń kó owó yẹn fún. Kọ́ńpìnnì tó bá so iná fáwọn ará ìlú ló ń gbà á, wọ́n á sì kọ́kọ́ wò ó pé iná ọ̀hún tàn ná.

Ẹ ò ní láti lọ jìnnà kẹ́ ẹ tó rí bó ṣe máa ń rí. Gbamu Gbamu, abúlé àwọn àgbẹ̀ kòkó ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-oòrùn Ìjẹ̀bú, ní sólà kìlówáàtì 85 tó ń fún gbogbo abúlé níná láti 2018. Owó ilẹ̀ Yúróòpù àti Jámánì wọ inú ẹ̀, kọ́ńpìnnì Nàìjíríà kan tó ń jẹ́ Rubitec ló kọ́ ọ, àwọn ará abúlé ń ra yúnítì sórí mítà bí ẹni ra káàdì fóònù. Iye tí wọ́n ń san lórí yúnítì irú iná bẹ́ẹ̀ máa ń ju ti NEPA lọ, àmọ́ ẹni tó ti ń ra bẹntiróòlù nínú kẹ́ẹ̀gì kò ní bá yín jà.

Iṣẹ́ káńsù níbẹ̀ ò ju pé kó wá ilẹ̀ tí kò ní ìjà, kó ka ilé àti ẹ̀rọ ọlọ táá lo iná, kó jẹ́ kí baálẹ̀ àti àwọn ọ̀dọ́ fẹnu kò. Kò ná káńsù lówó tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó lọ́ra, ó sì wà fún ibi tí wáyà NEPA ò dé tàbí tó dé àmọ́ tí iná ò sí. Ìletò etí omi ní Ogun Waterside, abúlé oko ní Ìlà-oòrùn Ìjẹ̀bú, àwọn ló bá mu. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ fi ṣe sẹkitéríàtì nígboro Ìjẹ̀bú-Òde, ó ń fi àkókò ṣòfò.

Kọ́ńpìnnì tó ní "ẹ má san kọ́bọ̀"

Wọ́n á ra sólà, wọ́n á so ó sórí òrùlé yín, ẹ̀yin á máa san owó yúnítì tàbí owó oṣù fún ọdún 10 sí 15, lẹ́yìn ìyẹn ó lè di tiyín. Òfin iná 2023 ò ní kẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe iná tí ò ju mẹgawáàtì 1 lọ gba láísẹ́ńsì, torí náà irú iṣẹ́ yìí ò ní ìdíwọ́ púpọ̀. Ohun tó dùn jù ńbẹ̀ ni pé tí ìnfátà bá kú, àwọn ni wọ́n máa sáré, torí tí iná ò bá tàn, owó wọn ò ní wọlé. Ìbéèrè mi kejì yẹn, eléyìí ló dáhùn ẹ̀ jù.

Ṣùgbọ́n ẹ ka ágírímẹ́ǹtì. Mo ti rí ọ̀kan tí wọ́n mú wá fún ilé ìwé aládàáni kan, ojú ìwé kẹrìnlá ni wọ́n kọ ọ́ sí pé owó yúnítì á máa fi ìdá 10 nínú 100 gòkè lọ́dọọdún, tí dọ́là bá gòkè ó tún máa gòkè sí i. Ẹ ṣírò ẹ̀: yúnítì tó bẹ̀rẹ̀ ní náírà 150, tó bá ń fi 10 nínú 100 gòkè, á ti ju 350 lọ lọ́dún kẹwàá. Ẹ wo èló ni wọ́n máa ní kẹ́ ẹ san tẹ́ ẹ bá fẹ́ jáde kí ọdún tó pé. Ẹ wo ta ló ni òrùlé tó bá ń jò lẹ́yìn tí wọ́n ti lu ú. Ẹ wo bóyá ẹ máa san owó yúnítì tẹ́ ò lò. Kọ́ńpìnnì náà ní ẹ̀rù tiẹ̀: alága mẹ́rin tàbí márùn-ún á jẹ láàárín ọdún 15, ta ló máa san án? Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ní kẹ́ ẹ jẹ́ káwọn gba owó láti orísun, bíi ti báńkì. Tẹ́ ẹ bá gbà, ẹ jẹ́ kó wà nínú ìwé pé oṣù tí iná ò bá tàn dé ìwọ̀n báyìí, wọn ò ní gba nǹkan kan.

Ọjà ni mo rò pé ó bá mu jù. Ní ọjà Sabon Gari ní Kánò, kọ́ńpìnnì ló so sólà fún àwọn onísọ́ọ̀bù, àwọn onísọ́ọ̀bù fúnra wọn ló sì ń san án nígbà náà. Káńsù ò gba gbèsè sọ́rùn, ó kàn fún wọn láàyè.

CDA, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ àtàwọn ọmọ ìlú

Kò sí bí mo ṣe máa kọ̀wé nípa owó n'Íjẹ̀bú tí mi ò ní dárúkọ wọn. Ẹgbẹ́ tó lè rán aṣọ irú èyí tí wọ́n ń wọ̀ lọ sí Ojúde Ọba lè so sólà sí ilé ìwòsàn kan láàárín oṣù méjì, láìsí téńdà, láìsí fáìlì. Ó máa ń yá kíá, kò sí èlé, àdúgbò á sì máa ṣọ́ ọ torí wọ́n mọ ẹni tó ṣe é.

Wàhálà ẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ. Gbogbo èèyàn ló fẹ́ kí orúkọ wọn wà lára ògiri lọ́jọ́ ìṣílé, kò sẹ́ni tó fẹ́ dáwó bátìrì lọ́dún kẹfà. Nínú CDA tiwa, ohun tá a ṣe ni pé a sọ fún ẹgbẹ́ kan pé kì í ṣe pánẹ́ẹ̀lì ni wọ́n máa rà, àkáǹtì bátìrì ni wọ́n máa dá sílẹ̀, a sì kọ "Bátìrì yìí, ẹgbẹ́ báyìí ló ń bójú tó o" sára àpótí. Àwọn àgbà kan kọ́kọ́ bínú pé kí ni ti bátìrì. Wọ́n ti gbà báyìí.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Káńsù ìgboro bí Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣàgámù, tó ní mítà, tó ń san bílù ẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ èsúsú inú káńsù, kó fi LED ṣáájú, sólà tẹ̀ lé e. Tí kò bá tíì máa san bílù, kó gbé e ka orí dísù. Ilé tó ń lo iná tọ̀sán-tòru, tí àtúnṣe ti sú káńsù, kó pe kọ́ńpìnnì, ṣùgbọ́n kó gba lọ́yà tiẹ̀, kì í ṣe lọ́yà tí kọ́ńpìnnì mú wá. Ọjà, kọ́ńpìnnì náà ni, kí àwọn ìyálọ́jà jókòó síbi ìpàdé látìbẹ̀rẹ̀. Abúlé tí wáyà ò dé, REA, kẹ́ ẹ tètè kó ìwé jọ torí ó máa pẹ́. Ilé ìwòsàn kékeré àti bọ́họ̀ọ̀lù, owó àpò pẹ̀lú CDA. Iná títì, owó àpò nìkan, kẹ́ ẹ sì gba ẹni tó máa ń gun àkàbà kẹ́ ẹ tó ra òpó. Báńkì, ó dìgbà tí èlé bá wálẹ̀.

Kańsẹ́lọ̀ mi padà wá lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, ó gbé ọ̀rá dúdú kan dání, rìsíìtì dísù ló kún inú ẹ̀, òmíì ti rẹ̀, òmíì ní epo lára. A jọ tò ó sórí káńtà. Oṣù méjì ló pé, ti ẹ̀kẹta ò sí, ó ní awakọ̀ kan ló mọ ibi tó wà, awakọ̀ náà sì ti lọ ìsìnmi.